Ọjọ́ Orí Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọtí

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò; bóyá ẹ tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú àròkọ yín láìmọye ìgbà. Èmi náà fi í kọ́ ọmọ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n nínú ilé ọtí kan ní Lẹ́kkí, ní oṣù Kọkànlá 2024, ni mo ti rí i bí ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ṣe ń ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ tí mo ń wí ni káàdì ìdánimọ̀. Ẹnikẹ́ni lè rà á, ó lè yá a lò, ó sì lè ní kí wọ́n rán an fún òun. Àkísà ni ohun tí ojú ènìyàn ti rí láti kékeré, èyí tí a kì í rí rà lọ́jà.

Kí ni olùkọ́ àgbà wá dé ilé ọtí? Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó di alábòójútó ibẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi ní ilé mi ní apá Ajáh, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí.” Ní òru Sátidé kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan jáde ní ilé ọtí náà, kò mọ ibi tí ó wà mọ́, ara rẹ̀ tutù, èébì sì ń dí i lọ́fun. Ọlọ́run yọ ọmọ náà. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀mí tó bọ́. Káàdì tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún 22 ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tí ó ń sunkún, ó ní ọmọ òun kò tíì pé ọdún 15.

Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ni ilé ọtí ti ní kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn agbọ́tí ibẹ̀ ń wá láti Ajáh, Ṣàngótẹ̀dó àti Lángbàsà, Yorùbá ni ó sì máa ń wọ̀ wọ́n létí jù. Ọmọ mi fẹ́ kí n kọ ìkìlọ̀ náà ní Yorùbá, kí n sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi lọ síbẹ̀, kí àwọn oníbàárà tó máa wọlé.

Òfin kò ṣókùnkùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì fi àṣẹ ọtí títà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀: àwọn ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, àwọn ni ó sì yẹ kí ó máa bojú tó o. Ní Amẹ́ríkà, láti 1984 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ti fi owó ọ̀nà títì mú àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé 21 ra ọtí. Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù mọ àṣà mìíràn: ọdún 18 ni òfin wọn wí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá jọ ti ẹni tí kò tíì tó 25 ni olùtajà yóò béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Challenge 25 ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n rere ni, nítorí ó mú ìtìjú kúrò. Agbọ́tí kò ní í máa wọ̀ ọ́ bóyá 17 ni ẹni iwájú òun tàbí 18, nítorí ojú lásán kò lè yanjú ìyẹn. Mo ní kí àwọn ọmọ mi ní Lẹ́kkí gba àṣà yìí, wọ́n sì gbà á.

Àwọn kan lè wí pé àwọn baba wa kò bìkítà nípa ọtí lẹ́nu ọmọdé, nítorí pé a máa ń kan ọtí mọ́ àdúrà níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ kò jókòó ti àwọn ẹlẹ́mu rí. Níbi tí àgbà bá ti ń mu ẹmu, ọmọdé ni í gbé agbè, òun ni í bu ẹmu, òun ni í mọ ẹni tí ó kàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́. Bí àgbà kan bá fún un ní ìsàlẹ̀ ife, ojú gbogbo ilé ni ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè káàdì nítorí pé gbogbo wọn ni ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Lẹ́kkí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ń ta ọtí kò mọ ẹni tí ń rà á, òkùnkùn ni inú ilé, ìlù ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò gbọ́ ohùn, owó ni ó ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ sọ pé ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti máa yẹ káàdì wò, níbi tí iná wà, kí ìlù tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n gba káàdì fúnra rẹ̀ sí ọwọ́, kí ó jáde nínú àpò awọ àti nínú ọ̀rá. Àwòrán káàdì nínú fóònù kì í ṣe káàdì. Ọmọ ọdún 13 lè yí nọ́ńbà kan padà lórí fóònù kí ó tó mu omi tán. Kí wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká: níbi tí wọ́n bá ti la ike kí wọ́n tó tún un lẹ̀, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Kí wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wò bóyá lẹ́tà ọjọ́ ìbí sanra ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, tàbí kò bá wọn dúró lórí ìlà kan náà. Àti ìwé ìrìnnà tuntun tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 2019, ike líle ni ojú ewé àwòrán rẹ̀. Inú ike náà ni àkọlé wà, èékánná kò lè hó o.

Bẹ́ẹ̀ ni káàdì kò dọ́gba. Káàdì ìdìbò àti ìwé àṣẹ awakọ̀, òfin kò fún ẹni tí kò tíì pé 18 ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé ìrìnnà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN, èyí tí ó jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, ọmọ ọwọ́ pàápàá lè ní in. Mo bá agbọ́tí kan níbẹ̀ tí ó rò pé ẹni tí ó bá ti ní NIN ti dàgbà. Kì í ṣe òun nìkan. Ọjọ́ ìbí ni kí a kà, kì í ṣe orúkọ ìwé. Kí ìṣirò má baà dàrú mọ́ni lórí nínú ariwo, ọmọ mi gbé pátákó kékeré kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi ẹfun kọ ọjọ́ òní sí i pẹ̀lú ọdún 18 tí a ti yọ kúrò. Ẹni tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ tí ó wà lórí pátákó, kò wọlé.

Èyí tí ó pọ̀ jù tilẹ̀ kì í ṣe ayédèrú rárá, káàdì ẹ̀gbọ́n ni. Àbúrò a yá a lò, torí wọ́n jọra. Níbẹ̀, ẹ má wo irun, ẹ má wo aṣọ, irun àwọn obìnrin òde òní a máa yí padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ wo etí, ẹ wo imú, ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ di káàdì mú, ẹ béèrè orúkọ àárín àti òpópónà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí ó ni ín kò ní í wo òkè kí ó tó dáhùn. Bí ó bá sì já sí irọ́, kí a dá káàdì rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú sùúrù, kí a má ṣe já a gbà. Agbọ́tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ìjà ẹnu ọ̀nà kò sì tíì mú ọmọ kankan gbọ́n.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, aṣọ ni a ṣì ń yẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ wa, ìwé tòótọ́ lè gbé ọjọ́ ìbí irọ́. Àwọn tí ó bá gbé Èkó ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 mọ Olúwọlé ní Erékùṣù Èkó, níbi tí kò ti sí òǹtẹ̀ tí wọn kò lè gbẹ́, títí orúkọ àdúgbò fi di orúkọ ayédèrú. Olúwọlé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe nílé. Ẹni tí yóò sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ gíga kò gbọdọ̀ ju 30 lọ, a sì ń gé ọdún kúrò. Òṣìṣẹ́ ń gé e kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì má baà tètè dé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gé e títí ó fi di pé ní 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé 17 wáyé níhìn-ín ní Nàìjíríà, FIFA gbé ẹ̀rọ tí ń wo egungun ọrùn ọwọ́ wá, àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa kò sì rí ìdíje náà gbá. Àwọn àgbà ń gé ọjọ́ orí, àwọn ọmọ ń fi kún tiwọn. Ọ̀bẹ kan náà ni.

Báwo ni àwọn baba wa tí kò ní ìwé ṣe ń mọ ọjọ́ orí? Wọn kì í béèrè iye. Wọn a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ta ni ó wà lórí oyè nígbà náà, ogun wo ni ó ń jà, ṣé o ti ń rìn nígbà tí àrùn báyìí wọ ìlú, ta ni ẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ purọ́ ní láti mọ gbogbo ìtàn ìlú. Mo ní kí a dá ọgbọ́n yìí padà. Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ mú ni pé: “Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí Kòrónà, kíláàsì wo lo wà?” Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n tì í pa ní Èkó, kò sì sí ọmọ tí ó gbàgbé. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọ pé 2003 ni wọ́n bí i yẹ kí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Bóyá ó tilẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò WAEC tí a sún síwájú di oṣù Kẹjọ ọdún náà. Bí ó bá dáhùn kíákíá pé JSS 1 ni òun wà, ọmọ ọdún 10 sí 12 ni nígbà náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Wọ́n dán an wò ní òru Jímọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì sì ti ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí a ń bi wọ́n.

Agbọ́tí kan dábàá pé kí a máa béèrè ibi tí ènìyàn wà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ọjọ́ tí àwọn sójà yìnbọn ní ibodè Lẹ́kkí. Mo ní rárá. Ọgbẹ́ àwọn mìíràn kò tíì jinná níbẹ̀, a kì í sì fi ọgbẹ́ ẹni ṣe ìdánwò lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí.

Ìbéèrè kejì, inú èdè wa ni mo ti rí i. Òyìnbó lè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ ẹni tí ó dàgbà ju ẹnì kejì. Yorùbá kò lè ṣe é. Kí ó tó yanu tán, ó ti sọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Bí kò bá sì sọ ọ́, arọ́pò orúkọ yóò tú u fó, nítorí “ó” ni a ń pe àbúrò, “wọ́n” sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ìyẹn ti ọjọ́ ìbí inú káàdì, kí ẹ wò bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì ni mo ní kí àwọn agbọ́tí fi ara wọn dánrawò. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, òṣìṣẹ́ kára, ọlọ́yàyà. NIN rẹ̀ sọ pé 2005 ni wọ́n bí i, káàdì náà sì dán mọ́rán, kò ní àbàwọ́n. Wọ́n bi í ní ìbéèrè Kòrónà, ó ní JSS 3. Ó bá káàdì mu. Ẹnì kejì rẹ̀ wá ń ṣeré, ó ní, “Ọmọ kẹlòó ni ọ́ nílé yín?”

“Ọmọ kẹta.”

“Ta lo tẹ̀lé?”

“Bọ̀dá mi tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ṣàngótẹ̀dó.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 18 ní oṣù Kẹjọ ni.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni ọdún 19 ni àbúrò ẹni ọdún 18. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì kúnlẹ̀.

2008 ni wọ́n bí i. Kò lọ ra ìwé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó wà ní Primary 4 ni olórí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan rí i pé orí rẹ̀ pé, ó fẹ́ kí ó ṣe ìdánwò àwọn tí ń lọ sí girama ní ọdún náà, kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè ní èsì dáradára tí yóò fi polówó. Ọmọ náà kéré jù. Olórí ilé ẹ̀kọ́ fi ọdún mẹ́ta kún un lórí ìwé, ó pa kíláàsì méjì jẹ, inú àwọn òbí dùn. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n mú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba NIN. Láti ọjọ́ náà, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí irọ́ náà. Kò sí iná tọ́ọ̀ṣì tí ó lè rí i, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè kọ̀ ọ́. Ìbéèrè Kòrónà pàápàá kò mú un, nítorí pé kíláàsì rẹ̀ ti ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀. “Bọ̀dá mi” nìkan ni ó mú un.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Ọdún 2024 náà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, kéde pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé 18 kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí Tunji Alausa gba ipò rẹ̀, ó dá a padà sí 16 ní oṣù Kọkànlá. N kò sí lára àwọn tí ń jà nítorí 16 tàbí 18. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbàkigbà tí wọ́n bá kéde irú òfin bẹ́ẹ̀, àwọn òbí kan a gbé ọmọ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ọmọ tí a bá sì ti kọ́ láti dáhùn ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìwé, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe nígbà tí agbọ́tí bá bi í?

Ilé ọtí Lẹ́kkí ní àwọn ìṣòro mìíràn tí ìbéèrè kò lè yanjú. Àwọn ọmọ olówó ibẹ̀ kì í gbọ́ Yorùbá, tàbí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìbéèrè Kòrónà nìkan ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, nítorí ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ni wọ́n tì. Bí wọ́n bá dí wọn lọ́nà, wọn a ní, “Ṣé o mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?” Ẹni tí wọ́n ń bi sì ti wọ kórópe láti ìrọ̀lẹ́, kò mọ̀ bóyá òun yóò rí iṣẹ́ lọ́la. A tún máa ń fún àwọn agbọ́tí ní nǹkan lórí ìgò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà; ẹni tí ó bá kọ̀ láti tà ti gé owó ara rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé bí kò bá fi orúkọ ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, kí ó má ṣe kọ ìkìlọ̀ kankan. Ó ṣe é: alábòójútó ni yóò máa dáhùn ọmọ-ta-ni, kì í ṣe agbọ́tí; ẹni tí ó bá sì dá ọmọdé padà kò ní í pàdánù owó ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn tí wọ́n ń ra ìgò ńlá fún tábìlì: káàdì ẹni tí ó sanwó kò bo àwọn méje tí wọ́n yí i ká. Wọ́n gbé àga méjì àti omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ọmọ tí a bá dá padà, kí ó jókòó títí ẹnì kan yóò fi wá mú un. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ní aago kan òru kì í ṣe ibi tí a ń ti ọmọdé sí.

Ìkìlọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé, “A kì í ta ọtí fún ọmọdé.” Àwọn agbọ́tí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, gbogbo wa ni ọmọdé lójú yín.” Òótọ́ ni. Ẹni ogójì ọdún, ọmọdé ni níwájú ẹni àádọ́rin; ọ̀rọ̀ náà kò ní ààlà nínú èdè wa, ààlà sì ni òfin ń fẹ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ pé: “Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, a kò ní í ta ọtí fún un. Ẹ mú káàdì yín lọ́wọ́. A ó bi yín ní ọ̀rọ̀.”

Ọmọbìnrin agbọ́tí yẹn kò lè bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Òfin tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ni ó lé e, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́ sílẹ̀ kí a tún máa dí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Ọmọ mi san owó oṣù méjì fún un.

Ní oṣù Kẹta 2025 ni mo rí i lábẹ́ afárá Ajáh. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Àtẹ ọtí inú ọ̀rá àti pàrágà ni ó wà níwájú rẹ̀. Irú ọtí ọ̀rá yìí ni àjọ NAFDAC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye jẹ́ olórí rẹ̀, kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní 2022, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2024 nítorí pé ọmọdé ń rí i rà tí wọ́n sì ń fi í pa mọ́ sínú àpò. Àwọn aṣòfin dá sí i, ìjọba sì fún àwọn oníléeṣẹ́ ní àyè títí di oṣù Kejìlá 2025. Mo béèrè bọ̀dá rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wẹ́dà. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta dé nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ó wò mí, ó wo ọ̀rá ọtí, ó sì bi èyí tí ó ṣáájú wọn pé, “Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?”